Ìrànwú Ìyá Ẹtu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi yí bíríbírí, ó dúró ti Ìyá Ẹtu. Lọ́túnla, àwọn ọdẹ yóò ti iná bọ igbó. Ọmọ rẹ̀ kò tíì lè sáré, kò sì sí ọ̀já tí yóò fi pọ̀n ọ́n. Ló bá mú ìrànwú, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ran òwú. Àṣé Ọ̀kẹ́rẹ́ ti jí amọ̀ tó ń mú ìdí rẹ̀ wúwo. Ó fi igi lásán ràn án, òwú já. Ó fi ẹrẹ̀ sí i, ẹrẹ̀ fọ́, òwú já. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Òwú já, n ó so ó,
*Yí bírí, yí.*
Iná ń bọ̀, n ó pọnmọ,
*Yí bírí, yí.*

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó, ó ń jẹ iṣu sísun. “Ìyá Ẹtu, ẹ kúkú fi orí yín sí i, ó wúwo.”

Ẹtu já iṣu gbà, ó fi ìrànwú gún un. Ìrànwú ń yí fìrìfìrì.

“Ìyá, iṣu mi ńkọ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ náà, wá gbọn òwú.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọn òwú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ìyá Ẹtu ran òwú náà, ó sì fi hun ọ̀já. Nígbà tí igbó ń jó, ọmọ Ẹtu wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ gbọingbọin, wọ́n ti ré odò kọjá. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí.