Ìdí Tí Awó Fi Gbé Nọ́ńbà Ilẹ̀ Sára

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ẹyẹ ṣì jọ ń gbé ìlú kan náà, dúdú ni Awó, ẹyẹ inú ìgbẹ́ tó jọ adìẹ. Mo ní dúdú! Dúdú bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà. Àmì funfun ẹyọ kan kò sí lára rẹ̀. Bí ó bá wọ abẹ́ igbó lọ, ohùn rẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́, ẹ ò ní rí i.

Ẹ̀bádò ni orúkọ ìlú náà. Kálukú ló ní ilẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Pèrègún, igi tẹ́ẹ́rẹ́ eléwé gígùn tí àwọn bàbá yín ṣì ń gbìn sẹ́nu ààlà oko, ni wọ́n fi ń pààlà. Bí ẹ bá sì bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé, "Níbo ni ilẹ̀ rẹ wà?" kò ní sọ ju pé, "Ó bá ti lágbájá pààlà." Ó parí. Ó tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Awó ti ń wá ọmọ. Lọ́dún kan, iná ìgbẹ́ jó ẹyin rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àgbàrá gbé wọn lọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó wá ibi gíga kan lórí ilẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ koríko, ó yé síbẹ̀, ó sì sàba lé wọn. Ó ti ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń mira nínú ẹyin. Inú rẹ̀ ń dùn, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sáré lọ jẹun. Díẹ̀ ló ní kí òun jẹ. Ìgbà tó padà dé, ta ló bá? Ìmàdò! Ẹlẹ́dẹ̀ inú ìgbẹ́, tó yọ eyín síta gbọọrọ. Ó dúró ti ìtẹ́ Awó, ó ń mí hìn-ìn, hìn-ìn.

"Awó, ta ló ní kí o wá yé ẹyin sórí ilẹ̀ mi?"

"Ilẹ̀ ta? Ìmàdò, ṣé kò sí nǹkan? Ìwọ wo pèrègún, kò ha—"

Awó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Pèrègún tó máa ń wà lẹ́yìn ìtẹ́ rẹ̀ ti wà níwájú ìtẹ́! Háà! Ìtẹ́ àti ẹyin ti bọ́ sí apá ọ̀dọ̀ Ìmàdò.

"Ṣé o ti rí i báyìí?" ni Ìmàdò wí. "Ilẹ̀ rírọ̀ yìí ni mo fẹ́ máa tú jẹ. Kó ẹyin rẹ kí oòrùn tó wọ̀. Bí o kò bá kó wọn, màá tẹ̀ wọ́n kọjá ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹyin tó kù díẹ̀ kó pa, ta ló ń gbé e kiri? Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n ti kú nìyẹn. Ni Awó bá ké tòò: "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará Ẹ̀bádò, ẹ gbà mí!"

Gbogbo ìlú sáré dé. Erin, ọba wọn, náà dé, ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. "Kábíyèsí o!"

"Ẹ dìde. Awó, níbo ni ilẹ̀ rẹ wà gan-an?"

"Kábíyèsí, ó bá ti Òkété pààlà."

Erin yíjú sí Òkété, eku ńlá tó ń gbé inú ihò. "Òkété, níbo ni tìrẹ wà?"

"Kábíyèsí, ó bá ti Ìkún pààlà."

"Ìkún, tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi kẹ̀, Kábíyèsí? Ó bá ti Awó pààlà ni!"

Erin gbọn etí rẹ̀ pàà. "Ẹ ti gbé mi lọ, ẹ tún gbé mi bọ̀! Ibi tí mo ti gbéra náà ni mo tún dé!" Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ti Ìmàdò ló ròkè jù, ẹ̀rín ń ta á lẹ́nu. Awó kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń wo oòrùn, oòrùn sì ti ń yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn.

Bó ṣe gbójú sílẹ̀ ló rí pèrègún yẹn. Ewé rẹ̀ rọ jọwọlọ. Ni ara Awó bá ta gìrì.

"Kábíyèsí, ẹ fà á tu!"

"Kí n fa kí ni tu?"

"Pèrègún yìí! Ẹ fà á tu, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀!"

Erin fi imú gígùn rẹ̀ yẹn lọ́ mọ́ pèrègún, ó fà á. Fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ló yọ! Gbòǹgbò dà? Kò sí gbòǹgbò! Igi lásán tí wọ́n ṣẹ́ fi gún ilẹ̀ ni. Kíá, Ìkún ti sáré lọ sẹ́yìn ìtẹ́, ó hú ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀. "Ẹ wò ó o! Kùkùté pèrègún àtijọ́ rèé, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀!"

"Héèèè!" ni gbogbo ìlú ké. "Ìmàdò, olè ilẹ̀!"

Ṣé ẹ rò pé ojú ti Ìmàdò? Rárá o. Ó ní, "Ó dáa, ẹ mú mi lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé pèrègún kò ṣòro gbìn? Òjò ń bọ̀. Èyí tí màá tún gbìn á ti ta gbòǹgbò kẹ́ ẹ tó mọ̀. Kí n wá wo bẹ́ ẹ ṣe máa wí i." Ó na ìrù sókè ṣanṣan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù ba kálukú nítorí ilẹ̀ tirẹ̀.

"Kábíyèsí, bó bá padà wá ńkọ́?" ni Awó bi í. "Ṣé n kò ní lọ jẹun mọ́ láyé mi ni?"

Erin ronú, ronú. Lójijì ló fọn imú bí ẹni fọn fèrè. "Mo ti mọ̀ ọ́n! Igi kọ́ ló máa sọ ilẹ̀ fún wa mọ́. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ní nọ́ńbà tirẹ̀!"

"Nọ́ńbà kẹ̀?"

"Nọ́ńbà! Ilẹ̀ méjì kò ní jẹ́ nọ́ńbà kan náà láé. Ilẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó ń gbé orí rẹ̀. Bí Òkété bá kó lọ, nọ́ńbà kò bá a lọ. A ó wọn ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ibi àpáta tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé, ìwọ̀n náà á sì wà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀."

Ariwo ayọ̀ sọ lálá! Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Erin ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, Ìkún ń sáré níwájú, ó ń ké ìwọ̀n. Wọ́n po ẹfun sínú igbá, pé ẹ̀kán funfun ni àwọn ó fi máa kọ nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n orí kí ni kí wọ́n kọ ọ́ sí?

"Sórí pákó," ni ẹnìkan wí. Ikán á jẹ ẹ́. "Sórí ilẹ̀." Òjò á fọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi sórí," ni Òkété wí.

"Orí ta? Ìwọ tó o gbàgbé ibi tó o ri ẹ̀kùrọ́ sí lánàá?" Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

"Sára mi!" Awó ló pariwo. "Kábíyèsí, ẹ kọ ọ́ sára mi! Ìyẹ́ mi pọ̀, ó sì dúdú, ẹfun á hàn níbẹ̀ kedere. Ìyẹ́ kan, ilẹ̀ kan! Mo mọ bó ṣe ń dunni tí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní dìde lórí ẹyin mi o. Ibi tí mo wà yìí lẹ ó ti kọ ọ́."

Ọba ńlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ṣóńṣó imú rẹ̀ kan ẹfun, ó ń kán an sórí ìyẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó, tó, tó. Wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, ara wọn kò balẹ̀. "Tèmi dà? Kábíyèsí, tèmi dà?" "Tìrẹ rèé, Ìkún, ní apá ọ̀tún." Ìkún jó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da igbá ẹfun nù!

Bí Erin ṣe kán èyí tó kẹ́yìn sí ìdí ìrù, wọ́n gbọ́ kó! kó! kó! lábẹ́ Awó.

"Ẹ dákẹ́!"

Ẹyin sán. Orí kékeré kan yọ jáde, òmíràn tún yọ. "Ọmọ mi dé!" Omijé ń dà lójú Awó. "Ẹ bá mi yọ̀ o, ọmọ mi dé!"

Àfi Ìmàdò tó tún yọ láàárín koríko, tó há pèrègún tuntun sẹ́nu. Ó rí gbogbo ìlú, ó dúró gbagidi.

Erin na ìyẹ́ Awó sókè. "Ìmàdò, nọ́ńbà ilẹ̀ tó o dúró lé rèé. Ìwọ̀n rẹ̀ rèé. Pèrègún ẹnu rẹ yẹn, ibo lo fẹ́ gbìn ín sí tí èyí á fi yí padà?"

Pèrègún já bọ́ lẹ́nu Ìmàdò. Ó sá lọ, ọmọ Awó kò sì kú ẹyọ kan.

Láti ọjọ́ náà ni ara awó ti kún fún àmì funfun tóótòòtó. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ fi ń wáyé. Bó bá ń dàgbà ni ìyá á da gbogbo nọ́ńbà náà kọ sí i lára, pé bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan, kí àwọn yòókù lè sọ ọ́. Àwa èèyàn náà ti ń gbọ́n bọ̀: a ti ń fún ilẹ̀ ní nọ́ńbà, inú kọ̀ǹpútà la sì ń tọ́jú tiwa sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí ìyẹ́ awó lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o. Ẹ rọra mú un. Ilé ẹnìkan lẹ mú lọ́wọ́ yẹn.