Ohun Tó Gbé Dígí Sáàárín Tẹ́ẹ́rẹ́ àti Abẹ́rẹ́

Nígbà láéláé, kì í ṣe láéláé tí ẹranko ń fẹ́ ọmọ èèyàn o, láéláé tí iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà nílé búrẹ́dì Ìyá Adùnọlá.

Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́. Wáyà ni, ó tín-ín-rín bí irun orí. Inú ààrò ló ń gbé. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mọ bí ooru ṣe mú tó. Bí ooru bá ti ń pọ̀, ọ̀nà inú ara ẹ̀ á máa há, iná mànàmáná tó ń gba ibẹ̀ á máa fi tipátipá kọjá. Bó ṣe há tó ni ooru ṣe mú tó. Kò purọ́ rí.

Àbúrò ń jẹ́ Abẹ́rẹ́. Ìta ló wà, lójú aago kan tó ń fi ooru ààrò hàn lára ògiri, níbi tí Ìyá Adùnọlá ti lè rí i. Tẹ́ẹ́rẹ́ na ọwọ́ jáde láti inú ààrò, Abẹ́rẹ́ dì í mú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bá tẹ̀ sí i lọ́wọ́ ni àbúrò ń fi han ìyá. Ọwọ́ tí wọ́n di mú yìí ló jẹ́ kí inú ààrò ṣeé gbé fún Tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí ibẹ̀ ò dáa, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, Ìyá Adùnọlá ra Màsíìnì ńlá tó ń po ìyẹ̀fun. Bí búrẹ́dì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jóná nìyẹn. Abẹ́rẹ́ á ní ooru ò tíì tó, ìyá á tún dáná sí i, búrẹ́dì á dúdú bí ìdí ìkòkò.

Oníbàárà kan gbé tiẹ̀ padà wá, ó fi gbá tábìlì, ó dún kò-kò-kò.

"Ìyá Adùnọlá, búrẹ́dì lẹ tà fún mi ni àbí bíríkì?"

Ẹni tó bá ti tajà rí mọ̀ pé oníbàárà tó bá bínú lọ kì í sábà padà. Ìyá Adùnọlá lọ dúró níwájú ààrò.

"Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ń purọ́ fún mi. Ẹni tó wà níta, mò ń rí i. Ẹni tó wà nínú ni mi ò rí. Bí búrẹ́dì bá tún jóná lọ́la, màá fa wáyà yẹn yọ. Àkìtàn ló máa sùn."

Bó ṣe lọ tán, ẹkún gba Abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ń purọ́ fún mi?"

"Èmi? Inú iná ni mo wà, Abẹ́rẹ́. Ta ló ráyè irọ́ nínú iná?"

"Ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sí mi lọ́wọ́ ni mo sọ."

"Ohun tí mo tẹ̀ kọ́ lo sọ!"

Ọmọ́ńlé tó ń gbé lára ògiri gbọ́ wọn.

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Orí ọwọ́ yín ni mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Bí Màsíìnì ò bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ yín ń tutù jẹ́ẹ́. Bó bá ti ń ké, nǹkan á máa rìn mí lẹ́sẹ̀ bí ìjàlọ."

Wọ́n pe Màsíìnì. Ojú tì í.

"Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ ńlá ni mò ń ṣe. Iná tó bá ṣẹ́kù lára mi, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ni mò ń dà á sí. Mi ò mọ ibi tó ń gbà lọ."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Ọmọ́ńlé wí. "Ẹ̀gbọ́n ki ẹsẹ̀ bọ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Àbúrò ki ẹsẹ̀ bọ ilẹ̀ iwájú. Bí iná Màsíìnì bá kún ilẹ̀ ẹ̀yìn, ibo ni kó ṣàn gbà lọ síwájú? Ọwọ́ yín náà ni afárá. Bó ṣe ń kọjá ló ń da ọ̀rọ̀ yín rú. Ẹ fi ara yín sílẹ̀."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ní, "Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé mo wà nínú ibí?"

"Àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà, ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń di ara wọn mú? Ṣebí alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn," ni Ọmọ́ńlé fèsì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Tanátaná, kòkòrò tí ìdí ẹ̀ máa ń tàn lókùnkùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àánú ṣe é.

"Màá dúró lọ́dọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ooru bá mú, màá tàn wéréwéré. Bí kò bá mú, màá rọra máa tàn. Ta ló máa wá máa wò mí lódìkejì?"

"Èmi ni," ni Ọmọ́ńlé wí.

Tanátaná fò sẹ́yìn. "Ìwọ tó jẹ bàbá mi!"

"Ebi ló ń pa mí nígbà yẹn."

"Ebi ti wá tán báyìí?"

Itọ́ ni Ọmọ́ńlé ń gbé mì.

"Ẹ gbé dígí sáàárín èmi àti ẹ̀," ni Tanátaná wí. "Kí ojú ẹ̀ máa rí mi. Kí ẹnu ẹ̀ má kàn mí."

Dígí àtùpà kan tó ti fọ́ wà lẹ́yìn ààrò. Wọ́n gbé e sínú àpótí kékeré lára ògiri, Tanátaná wọ apá kan, Ọmọ́ńlé wọ apá kejì. Tẹ́ẹ́rẹ́ na ọwọ́ sí Tanátaná. Abẹ́rẹ́ di ìrù Ọmọ́ńlé mú. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ṣe fi ara wọn sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Màsíìnì ké gìrìrì. Iná tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ sáré gba ọwọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́, ó dé ìdí dígí, ó forí gbá a, ó padà sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kọjá. Ọmọ́ńlé rí i, ó ju ìrù, Abẹ́rẹ́ dìde.

Ìyá Adùnọlá fa búrẹ́dì jáde. Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ó bù ú wò, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn ààrò.

"Wáyà, má bínú. Mo purọ́ mọ́ ẹ."

Abẹ́rẹ́ pariwo láti ìta: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀?"

Tanátaná tàn wéréwéré.

Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó ń mọ ooru àti ẹni tó ń sọ ọ́ fáyé ò ti fọwọ́ kan ara wọn mọ́, ọ̀rọ̀ wọn ò sì já. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ́ńlé ti ń lẹ̀ mọ́ ògiri nídìí iná, tí kì í ṣẹ́jú. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ebi náà sì wà níbẹ̀.