Agbáyun Inú Igbá Àtọ́kẹ́

Bí oko opó ṣe bọ́ mọ́ Baálẹ̀ Ògúntóyè lọ́wọ́ ṣì ń yà wá lẹ́nu dòní. Ó ní kí Àtọ́kẹ́, opó náà, fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ kó sì dùn bí oyin, láìfi oyin tàbí ṣúgà sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gba oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Àtọ́kẹ́ gbé igbá èso pupa kéékèèké dé, ó ní àwọn ọmọ òun lòun ń gbé e lọ fún. Baálẹ̀ kì í rí igbá onígbá kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́: ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sẹ́nu. Àtọ́kẹ́ gbé igbá náà kalẹ̀. Ó já ọsàn wẹ́wẹ́ lára igi Baálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fún un sínú ife lójú gbogbo wa, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Baálẹ̀ mu ún. “Háà! Ó mà dùn o!” Ọ̀tún tó jókòó tì í gba ife, ó tọ́ ọ wò, ló bá tu ú dànù. “Baba, ó kan! Eyín ti ń kan mí!” Ẹnu wa ò lè padé. Àtọ́kẹ́ gbé igbá rẹ̀ rù. “Baba, mi ò fi nǹkan kan sínú ife. Agbáyun tẹ́ ẹ bù jẹ láìtọrọ ló sọ ọ́ di dídùn lẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ n máa lọ sóko mi.”