Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ihò Ara Mọ́tò Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àbí oorun ti ń kùn yín ni? Ẹ jẹ́ kó dé etí aládùúgbò. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ààà!

Ẹ hẹ́n, ẹnu yín ti là báyìí. Àlọ́ mi dá gbà-á, ó já gbò-ó, ó balẹ̀ sórí Ọ̀kẹ́rẹ́, ó balẹ̀ sórí ihò kan lára mọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹranko ń wa mọ́tò, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ọ̀kan, pupa fòò. Bó bá fẹ́ lọ ra iyọ̀ lójúlé kejì, mọ́tò ni yóò wà lọ. Ṣùgbọ́n irin ti dípẹtà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ihò kan sì wà níbẹ̀ tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ. Lọ́jọ́ òjò kan, tí wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹrẹ̀ gba ihò náà wọlé, fàà! Ó ta sí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ lára láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwẹ̀ró bínú, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ọ̀kété ni bàbá rẹ̀, àgbà tí òórùn oúnjẹ kì í tàsé imú rẹ̀.

Ọ̀kété ránṣẹ́ pé, "Ẹ sọ fún ọkọ ọmọ mi, kó tún mọ́tò rẹ̀ ṣe dáadáa kó tó wá mú ìyàwó rẹ̀. N ò bímọ fún ẹrẹ̀."

Háà! Ilé wá dá páropáro. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń dá sùn, ó ń dá jí, kò sẹ́ni tí yóò bá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ká má parọ́. Ló bá wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Akàn, panẹbítà ìlú, ẹni tí ń tún ara mọ́tò ṣe.

Akàn di ojú, ó fọwọ́ ra ara irin náà. Bí àwọn panẹbítà ṣe ń ṣe é nìyẹn: mọ́tò lè tan ojú wọn, kì í tan ọwọ́ wọn. Ó fi òòlù kàn án, kò, kò. Irin ń rún wómúwómú.

Akàn ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nínú lọ. Màá gé ibi tó jẹrà kúrò, màá jó irin tuntun mọ́ ọn, kí n tó fi pọ́tì tó rọ̀ bí iyán tẹ́ ojú ẹ̀, kí n sì fi sáńpépà ha á."

"Ẹ máa gé e kẹ̀? Ihò tí ò ju ẹyin ẹyẹlé, ẹ fẹ́ sọ ọ́ di fèrèsé!"

Akàn rẹ́rìn-ín, orin ló fi dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Akàn, kí lo rí o?
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*
Mo rí irin tó jẹrà.
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*
Gé e títí yóò fi mọ́,
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*
Ká tó fi tuntun dí i.
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ ṣùtì. "Ẹ kú ọgbọ́n o! Ẹni tí wọ́n gbé ihò wá bá, ó tún ń fẹ ihò lójú." Ó wa mọ́tò rẹ̀, ó di ilé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó gbé odó kalẹ̀, ó gún iyán! Gìdì, gìdì, gìdì. Ó bu ú, ó kì í bọnú ihò, ó fi ṣíbí tútù tẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Bó ti ń tẹ́ ẹ ló ń lá ṣíbí. Èyí tó lá fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èyí tó kì lọ, ọ̀kánjúwà ni. Nígbà tó gbẹ, ó ha á, ó kun ọ̀dà pupa lé e. Ó wá yí orin olórin padà:

Akàn ń fẹ ihò lójú,
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*
Iyán mi ò ní kókó.
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*
Àwẹ̀ró ń bọ̀ wálé,
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*
Ta ló gbọ́n tó Ọ̀kẹ́rẹ́?
*Kàn-kàn-ǹ-kàn!*

Ó di ọ̀nà ilé àna. Oòrùn mú ganrínganrín, ọ̀nà ò sì dára, gbàgà-gbogo. Iyán gbóná nínú irin, ọ̀dà sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òórùn ń jáde. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò mọ̀, ó ń fọn fèrè mọ́tò: pí-pí-pí!

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kété, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ilé o, bàbá. Mo ti tún un ṣe, mo wá mú ìyàwó mi."

"Dìde, ọkọ ọmọ mi." Imú Ọ̀kété ti ń ṣe fín-ín, fín-ín. Ó yí mọ́tò po, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ ra á. Ó lá ọwọ́ náà.

"Ọkọ ọmọ mi, ta ló bá ẹ gún mọ́tò yìí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré fọwọ́ bo ojú ibẹ̀.

"Kò mà ní kókó o," ni Ọ̀kété wí. "Àwẹ̀ró, gbé ọbẹ̀ wá!"

Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó bu èkejì. Nígbà tó fa èyí tó kù, irin tí omi iyán ti mú jẹrà sí i bá a wá, gbì! Ihò náà wá fẹ̀ débi pé orí Ọ̀kété wọ inú rẹ̀ pátá. Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹrẹ̀ ti gbẹ lára mi, kò dùn mí mọ́. Ohun tó dùn mí ni bí ẹ ṣe fẹ́ kí nǹkan yín ṣáà ti máa dán lójú ayé, kódà bí inú rẹ̀ bá ń jẹrà. Ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí n jókòó sí?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lára. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wa mọ́tò padà sọ́dọ̀ Akàn.

"Ẹ gbà mí, bàbá. Ẹ gé e."

"Fèrèsé la fẹ́ ṣe o," Akàn fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bó bá tó ilẹ̀kùn, ẹ ṣáà gé e títí yóò fi mọ́."

Akàn gé e, káṣá, káṣá. Ọ̀kẹ́rẹ́ fọwọ́ bojú, kò lè wò ó, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń gbe orin: *Kàn-kàn-ǹ-kàn!* Akàn jó irin tuntun mọ́ ọn, ó fi pọ́tì fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ, ó fi sáńpépà ha á, ó kùn ún.

Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ padà dé ilé àna, Àwẹ̀ró di ojú, ó fọwọ́ ra ara mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó wá ojú ihò náà tì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé wa." Ọ̀kété náà gbóòórùn mọ́tò títí, kò rí nǹkan jẹ, ó bá wọlé lọ.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi pẹ̀ka sí, ibẹ̀ ló wọ̀ sí. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé ohun tó bá bàjẹ́, ká gé ibi tó jẹrà kúrò; ẹni tó bá fi ẹwà bò ó mọ́lẹ̀, ojú ayé ni yóò ti ṣí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí agogo ẹnu mi yadi. Bí n ò bá parọ́, kó dún. Pó! Pó! Pó! Ẹ gbọ́ ọ?

Ó yá, ẹni tó gbá ìdọ̀tí sábẹ́ ẹní mi láàárọ̀ yìí, kó dìde kó lọ mú ìgbálẹ̀.