Òfin Pa-Ẹnu-Mọ́ ní Ẹkù Òkété

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó wọlé lọ. Inú ló ń bí mi tí mo fi fẹ́ pa èyí fún yín. Ẹ dáhùn dáadáa. Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó já sínú ẹkù, ó kó epo sẹ́sẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ elépo náà wọ ilé Òkété láìkan ilẹ̀kùn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí kò ṣeé fi di ọ̀la. Ẹyìn ti jinná. Wọ́n ti dà á sínú ẹkù, kòtò ńlá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kí epo lè jáde. Gbígbóná ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá tutù, ó parí nìyẹn. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí, omi pupa lásán lẹ ó rí. Oòrùn sì ti ń yẹ̀ kúrò láàárín orí, ẹyìn ń tutù lọ.

Ẹsẹ̀ tó mọ ẹyìn-ín tẹ̀ jù lọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ ni, nítorí ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó yànmọ̀yànmọ̀. Kò lè dìde.

— Kí ló bó o, Ìyá Àgbà?

Omi gbígbóná ni, Àlàmú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni mo bá bínú.

Àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́kù yẹn. Àwẹ̀ró, ọmọ ènìyàn, ọmọbìnrin tí iṣẹ́ ẹkù ti fún lágbára. Òun àti Pẹ́pẹ́yẹ ló ń tẹ ẹyìn. Ewúrẹ́ ló ń ru omi gbígbóná láti ìdí iná wá. Òkété ló ni ẹkù, òun ni ọ̀gá wọn.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ru omi gbígbóná, ooru a bò ó lójú, kò ní rí iwájú rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ẹkù, ilẹ̀ ló ń wò, kó má baà yọ̀ ṣubú. Nítorí náà, orin ni wọ́n fi ń rí ara wọn. Ewúrẹ́ á gbé orin láti ìdí iná, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gbè é, wọ́n á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí Ewúrẹ́ ò bá gbọ́ ègbè, kò ní da omi. Ẹ bá mi gbè é o:

Omi ń bọ̀, omi gbígbóná!

— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀!

Ooru bò mí lójú, mi ò ríran!

— Gbẹ́sẹ̀, gbẹ́sẹ̀!

Ẹni tó bá gbọ́, kó dá mi lóhùn!

— A ti gbọ́, a ti gbẹ́sẹ̀!

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Omi ò ta sí ẹnikẹ́ni lára rí. Àfi ìgbà tí Òkété ní ariwo ò jẹ́ kí òun sùn lọ́sàn-án.

— Ọ̀sán ló ń sùn?

Ọ̀sán kẹ̀! Ó dúró létí ẹkù, ó fọwọ́ nu irun imú rẹ̀, ó ní, "Láti òní lọ, kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀rín nínú ẹkù mi. Orin yín ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ẹni tó bá lanu, kò ní gba akèrègbè epo lọ sílé."

Akèrègbè epo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà nírọ̀lẹ́. Òun ni wọ́n fi ń bọ́ ilé.

Àwẹ̀ró ní, "Ọ̀gá, omi gbígbóná ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò lójú ni?"

Ó bá wọlé, ó padà sórí ẹní. Kò ru omi rí. Kò tẹ ẹyìn rí. Kò bi ẹni tó ń ru ú, kò bi ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Oorun ló ń kùn ún, ó bá ṣòfin.

— Háà! Ìkà ni!

Dúró ná, Mojírọ́lá, o ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ewúrẹ́ ru omi dé, ó pa ẹnu mọ́, nítorí òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹkù gbe orin rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń tẹ ẹyìn. Ewúrẹ́ ò rí i. Ewúrẹ́ da omi. Ṣàà!

"Yéè!"

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Pẹ́pẹ́yẹ kígbe. Ó rántí òfin, ó bá gbé ìyókù igbe náà mì.

Òkété yọ orí láti inú ilé. "Ta ló kígbe?"

"Ọ̀gá, èmi ni. Ẹsẹ̀ mi..."

"O tún ń sọ̀rọ̀! Akèrègbè tìrẹ ti lọ lónìí."

Ṣé ẹ gbọ́ o? Omi bó o, ó kígbe, wọ́n ní òun ló jẹ̀bi!

Àwẹ̀ró gbé Pẹ́pẹ́yẹ lọ sábẹ́ igi ọsàn. Inú ń bí i gidigidi. Ó dúró sóde ẹkù gbangba, epo ń kán ní orúnkún rẹ̀, nítorí inú ẹkù ni òfin wà, òfin ò sí lóde.

"Ọ̀gá, mo ti jáde, mo lè sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ."

"Mo ti rí i. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti pupa tẹ́lẹ̀."

"Òfin yín ló bó o."

"Òfin mi ò ru omi. Ewúrẹ́ ló ru omi."

Ewúrẹ́ dorí kodò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àwọn ọmọ rẹ̀ wẹẹrẹ ń retí epo nílé, ọ̀gá."

"Ṣé èmi ni mo ní kó bí wọn?"

"Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ tiyín ńkọ́?"

Òkété rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ méjèèjì iwájú yọ. "Ọ̀gá kì í wọ ẹkù. Èmi ni mo ń ṣòfin, ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á mọ́. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ọ̀nà rèé."

Àwẹ̀ró wo ọ̀nà. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ ń wò ó láti abẹ́ igi ọsàn. Bí Àwẹ̀ró bá lọ, ta ni yóò bá a gba epo ọmọ rẹ̀?

Ó gbé ìbínú náà mì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹyìn ń tutù. Ẹ jẹ́ kí n tẹ ti Pẹ́pẹ́yẹ mọ́ tèmi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán lónìí, ẹ fún un ní akèrègbè rẹ̀."

Òkété wo ẹkù. Èéfín orí ẹyìn ti ń tín-ín-rín. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, tìrẹ lọ, tirẹ̀ náà lọ."

Àwẹ̀ró wọ ẹkù. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi fẹsẹ̀ lu ilẹ̀!

— Pàtà, pàtà, pàtà!

Ó tẹ apá ọ̀tún, ó tẹ apá òsì. Òógùn wọ̀ ọ́ lójú, kò sọ̀rọ̀. Èèpo ẹyìn gún un lẹ́sẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Eṣinṣin bà lé e nímú, kò sọ̀rọ̀.

— Pàtà, pàtà, pàtà!

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Òórùn rẹ̀ bá Òkété lórí ẹní. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Òkété pẹ̀lú ẹ̀kùrọ́. Ẹni tó ní ọ̀gá kì í wọ ẹkù, ó rọra yọ́ wá, ó bọ́ sínú ẹkù, ó sì jókòó sí ìdí ògiri níbi tí wọ́n ti ń da omi. Ó na ìrù sílẹ̀ gbọọrọ. Ó ń yọ ẹ̀kùrọ́ nínú ẹyìn, ó ń pa á jẹ, kà, kà, kà.

Ewúrẹ́ sì ti kúrò nídìí iná. Ìkòkò wà lórí rẹ̀, ooru bò ó lójú.

— Yée!

Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó rí méjèèjì. Ó ju ọwọ́ sí Òkété. Òkété ò wò ó, ẹ̀kùrọ́ ló gbájú mọ́. Ó ju ọwọ́ sí Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ò ríran.

— Má pè é, Àwẹ̀ró! Jẹ́ kó bó o!

Ohun tí inú Àwẹ̀ró náà ń sọ fún un nìyẹn, Àlàmú. Má pè é. Ṣebí òun ló ṣòfin? Bó bá lanu, akèrègbè tirẹ̀ lọ, ti Pẹ́pẹ́yẹ lọ. Bó bá pa ẹnu mọ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà, òfin ló pa mọ́. Ó di ẹnu. Ewúrẹ́ ń bọ̀. Ó tún di ẹnu. Ewúrẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé etí ẹkù, ó ti ń dorí ìkòkò kodò, kò lè dá a dúró mọ́.

Àwẹ̀ró wá rántí igbe tí Pẹ́pẹ́yẹ gbé mì. Kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹnu Òkété.

"Ọ̀gá! Ẹ gbẹ́sẹ̀!"

Bí Òkété bá fò ní kété tó gbọ́, nǹkan kan ò ní ṣe é. Àyè wà, ó tó fò lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló ṣe? Ó gbé ìka sókè.

"Ta ló sọ̀rọ̀? Àwẹ̀ró! Ìwọ ni! Akèrègbè méjèèjì ti..."

Ṣàà!

— Yéè!

Omi bá a ní ìrù. Òkété fò jáde kúrò nínú ẹkù, ó ń yí nílẹ̀. "Yéè! Yéè! Ìrù mi o! Ẹ gbà mí o!"

Ewúrẹ́ gbé ìkòkò kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ọ̀gá, ta ló kígbe?"

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ ó jí àwọn ará ilé.

Òkété fọwọ́ di ìrù mú. "Àwẹ̀ró, kí ló dé tí o ò tètè pè mí?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó tún ní, "O sọ̀rọ̀! Mo gbọ́ ọ! Kò sí akèrègbè fún ẹnikẹ́ni!"

Àwẹ̀ró ò pariwo. "Mo pè yín, ọ̀gá. Ẹ gbọ́. Àyè tó yẹ kí ẹ fi sá, ẹ fi ń wá ẹni tó rú òfin."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde nínú ẹkù. Ó gbé ti òsì. Ó lọ jókòó ti Pẹ́pẹ́yẹ lábẹ́ igi ọsàn. Ewúrẹ́ da omi pa iná, ó tẹ̀lé e. Wọ́n jókòó. Wọ́n pa ẹnu mọ́, bí ọ̀gá ṣe fẹ́.

Òkété pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Ó fọwọ́ kan ẹyìn, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó bá bọ́ sínú ẹkù láti tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ Òkété, ẹ ti rí i rí? Kò ju ẹ̀pà lọ! Ó rì dé ikùn. Ó ń tẹ̀, ó ń ké nítorí ìrù, epo ò yọ. Ó yí ojú sí abẹ́ igi ọsàn.

"Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ fẹ́?"

— Ó ti ń pè é ní "ẹ"!

Ó ti rí i pé ẹsẹ̀ ló ń mú epo wá, kì í ṣe òfin.

Àwẹ̀ró ní, "Orin á padà. Pẹ́pẹ́yẹ á máa gba akèrègbè rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi san. Òfin tó bá mú wa nínú ẹkù á mú ẹ̀yin náà. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe òmíràn, ẹ kọ́kọ́ bọ́ sínú ẹkù, kí ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè."

"Mo gbà. Àmọ́ èmi náà ní ẹjọ́. Ewúrẹ́ ń jẹ mí ní ẹyìn. Ojoojúmọ́!"

Gbogbo wọn wo Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ wo òkè.

Àwẹ̀ró ní, "Ọ̀gá jàre níbẹ̀. Ewúrẹ́, o ò gbọdọ̀ jẹ ẹyìn ẹkù mọ́."

"Díẹ̀díẹ̀ ńkọ́?"

"Rárá."

Wọ́n tún iná dá, Ewúrẹ́ gbé orin, Àwẹ̀ró gbè é, Òkété pàápàá gbè é láti etí ẹkù níbi tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìrù. Epo yọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Pẹ́pẹ́yẹ gbé akèrègbè tirẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sùn nìyí. Bí ẹ bá di ọ̀gá lọ́la, ẹ má fi ìrọ̀rùn ara yín ṣòfin lé ẹlòmíràn lórí. Ẹ bi ẹni tí omi lè bó kí ẹ tó sọ pé kó pa ẹnu mọ́. Bí ẹ bá sì jẹ́ oníṣẹ́, ẹ ṣe é bó ti yẹ, ẹ má jẹ ẹyìn ẹlẹ́yìn.

Bó ṣe wà nìyí títí dòní: ìdajì ìrù òkété funfun, níbi tí omi ti bó o. Pẹ́pẹ́yẹ ò lóhùn gidi mọ́, háà-háà lásán ló ń ṣe, nítorí igbe tó gbé mì. Ewúrẹ́ ṣì ń jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n sì ń nà án. Òkété kì í jáde lọ́sàn-án, ojú ń tì í. Nínú ẹkù, wọ́n ń kọrin.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá bu omi là á, kí ẹsẹ̀ mi má rí epo tẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá bu omi là á, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dáhùn!

— Pàtà! Pàtà! Pàtà!