Àwòrán Àdìgún ní Ẹnubodè

Ẹnubodè kẹta lọ́nà Gáńà ni wọ́n ti dá Àdìgún, télọ̀ ará Ṣakí, dúró. Ọ̀gá aṣọ́bodè wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó ní irun kún orí ẹni inú àwòrán, àpárí ló sì dúró síwájú òun. Kó lọ pe onírun wá kí òun tó lu òǹtẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè pé òun fẹ́ máa lọ. Àdìgún dọ̀bálẹ̀. “Òótọ́ lẹ sọ, sà, òfin lòfin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú káàdì tẹ́ ẹ fi kọ́rùn yẹn, torí òun nìjọba kó òǹtẹ̀ fún.” Ọ̀gá wo káàdì, ó wo ikùn ara rẹ̀, àwọn èrò tó tò sẹ́yìn sì bú sẹ́rìn-ín. Ó lu òǹtẹ̀ náà gbàà. “Máa lọ,” ló wí. “Ọmọ yẹn ti rìnrìn àjò, ó ní kí n máa bá òun lù ú.”