Káàdì Tí Kò Níwèé

Ẹ jẹ́ n sọ ọgbọ́n tí mo fojú ara mi rí kó tó tutù! Olóyè Láníyọnu, alága ilé-ìkàwé ìlú wa, kó àwọn ìgbìmọ̀ dé, ó ní kí Ìbídùn tó ń yáni níwèé kó gbogbo ìwé tó ń ba ọmọ jẹ́ síta fún sísun. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ìbídùn kúnlẹ̀: "Bàbá, báwo ni n óò ṣe mọ èyí tó ń bani jẹ́?" "Wo ìwà ẹni tó bá kà á!" Ni Ìbídùn bá dìde wéré, ó ń fa káàdì orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan yọ. "Èyí, Dókítà Ṣóbándé ló yá a nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́, sà?" Dókítà fò dìde láàárín ìgbìmọ̀: "Ta ló bàjẹ́? Èmi kẹ̀!" Ìwé padà sórí pẹpẹ. "Èyí, Màmá Adájọ́ ni." "Má dán an wò o!" ni Màmá náà ké láti orí ìjókòó wọn láàárín ìgbìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń padà, tí ẹ̀rín ń sọ, títí ó fi ku káàdì kan ṣoṣo nínú àpótí tí wọ́n ń kó káàdì ìwé tí a yá lọ sí. Olóyè pariwo: "Ìwé tìyẹn dà?" "Ọwọ́ yín ló wà, sà, láti ìgbà tí ẹ wà ní fọ́ọ̀mù fóò nílé ìwé. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ti bàjẹ́ ni, àbí ẹ ṣì ń kà á?" Olóyè wúkọ́: "Ó ku ojú ìwé díẹ̀." Iná ò ràn mọ́, Ìbídùn sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ dòní.